Ẹ̀yìnkùlé Wa Kò Ṣẹ̀ṣẹ̀ Di Oko

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìgboro wa dáadáa yóò bá mi gbà pé ọ̀tá nìkan kọ́ ló ń gbé ẹ̀yìnkùlé. Ewúro ń gbé ibẹ̀. Tẹ̀tẹ̀, ewédú, ilá àti ata wẹ́wẹ́ ń gbé ibẹ̀. Ibẹ̀ náà ni igi ìbẹ́pẹ kan máa ń wà tí kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó gbìn ín, tó sì ń so fún onílé, fún ayálégbé, àti fún àwọn ọmọ àdúgbò tó mọ ọ̀pá á lò. Bí ọjà bá gbóná, tí owó gàrí ń fò bí ìràwé nínú ọyẹ́, ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀pọ̀ ìyá máa ń kọ́kọ́ yíjú sí, kí wọ́n tó yíjú sí ìjọba.

Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, mo ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ oko ẹ̀yìnkùlé bí ẹni pé àrà tuntun ni, tó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá bá wa láti òkè òkun. Wọn á pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn, wọn á gbé olùkọ́ wá, wọn á sì máa kọ́ àwọn ìyá arúgbó bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀fọ́. Èyí ló mú mi gbé kálàmù. Mo fẹ́ kí a jọ bojú wẹ̀yìn, ẹ̀yin òǹkàwé mi, nítorí ìtàn yìí ti pẹ́, ẹ̀kọ́ kan náà ló sì ń kọ́ wa nígbàkígbà tí ebi bá kan ìlẹ̀kùn: ìkéde kì í hu ẹ̀fọ́, ilẹ̀ ní í hu ẹ̀fọ́.

ÀGBẸ̀ LÓ NI ÌGBORO

Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, bí a bá ti gbọ́ pé ẹnì kan ń gbé ìgboro, ohun tó máa ń wá síni lọ́kàn ni pé kì í ṣe àgbẹ̀. Oníṣòwò ni, tàbí oníṣẹ́ ọwọ́, tàbí akọ̀wé. Abúlé ni àgbẹ̀ tiwọn ń gbé. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ gan-an ló ni ìgboro. Ó ní ilé nínú agbo ilé bàbá rẹ̀, ó sì ní oko lẹ́yìn ìlú. Oko ọ̀hún sì pín sí méjì. Oko etílé wà nítòsí, èèyàn lè lọ láàárọ̀ kó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Oko ẹgàn jìnnà ní tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí wọ́n á wá padà wálé nígbà ọdún, nígbà ìgbéyàwó, tàbí bí òkú bá kú.

Ṣùgbọ́n oko kẹta wà tí àwọn òpìtàn kì í sábà dárúkọ. Òun ni ilẹ̀ ẹ̀yìn agbo ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń da eérú sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń da èèpo iṣu, ìgbẹ́ adìẹ àti gbogbo ohun tí ìgbálẹ̀ bá gbá jáde sí. Ẹni tó bá gbé agbo ilé rí mọ̀ pé ata tó hù lórí ààtàn kì í ní olóko, bẹ́ẹ̀ ló máa ń dára ju èyí tí a gbìn lọ. Kí ló fà á? Ilẹ̀ ọ̀hún ti jẹun yó ni. Ajílẹ̀ tí à ń fowó rà nínú àpò lónìí, ààtàn ń pèsè rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ta ló wá ń ro oko yìí? Ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé oko mọ́ ni, abiyamọ tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì gbó, àti àwọn ọmọdé tí ọkọ́ ńlá ṣì wúwo fún. Mo rò pé ìdí nìyí tí orúkọ rẹ̀ kò fi pọ̀ nínú ìwé ìtàn. Àwọn tí ń ro ó kì í ṣe olóyè, wọn kì í sì í ṣe jagunjagun. Kò sẹ́ni tó ń lu ìlù fún ẹni tó gbin gbúre.

Ẹ wo Ìbàdàn. Ní bíi ọdún 1829 ni àwọn ọmọ ogun dó síbẹ̀. Orúkọ ìlú náà, ẹ̀bá ọ̀dàn, ń sọ irú ilẹ̀ tó wà. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 1952, iye tí wọ́n bá níbẹ̀ tó bíi 459,000, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkùnrin inú wọn ṣì jẹ́ àgbẹ̀. Èyí rú àwọn kan lójú. Wọ́n ní ìlú wo ni àgbẹ̀ ń kún báyìí? Wọ́n ní abúlé ńlá lásán ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò kúnnákúnná nínú ìwé rẹ̀, Urbanization in Nigeria, tó jáde ní 1968, ó sì fi hàn pé ìlú ni ìlú Yorùbá í ṣe, láti ìgbà tí òyìnbó kò tíì dé. Ọkọ́ tó wà léjìká ará ìlú kò sọ ìlú di abúlé.

NÍGBÀ TÍ OGUN DÉ

Ìgbà ogun ni a máa ń mọ iyì ilẹ̀ tó súnmọ́ ilé. Samuel Johnson, ẹni tí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ jáde ní 1921, ròyìn odi ìlú àti igbó ilé tí àwọn baba wa máa ń fi yí ìlú ká. Ìbàdàn náà ní odi tirẹ̀. Ìbíkúnlé, Balógun wọn, ló mọ èyí tí a mọ̀ sí Odi Ìbíkúnlé, ní 1858. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ odi, ọ̀tá ni gbogbo wa máa ń rò. Ẹ jẹ́ ká rántí pé ẹni tó bá sé ara rẹ̀ mọ́ inú odi gbọ́dọ̀ jẹun níbẹ̀.

Ní 1859 ni Aláàfin Àtìbà wàjà, tí Adélù ọmọ rẹ̀ sì gorí oyè. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó jẹ́ olórí Ìjàyè, kọ̀, ó ní òun kò gbà, nítorí àṣà àtijọ́ ni pé kí àrẹ̀mọ bá Aláàfin kú. Ní 1860 ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìjàyè àti Ìbàdàn. Àwọn Ẹ̀gbá wá gbèjà Ìjàyè. Àgbẹ̀ pàtàkì ni àwọn ará Ìjàyè, ṣùgbọ́n nígbà tí ogun ti dí ọ̀nà oko mọ́ wọn, kí ni wọ́n ó fi oko ẹgàn ṣe? Oko etílé pàápàá di ojú ogun. Ohun tó kù fún wọn kò ju ohun tó wà nínú ìlú lọ, èyí kò sì lè bọ́ irú èrò bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. Kúrunmí kú ní 1861. Ní oṣù kẹta ọdún 1862, Ìjàyè fọ́. Ìbọn ṣe tirẹ̀, àmọ́ ebi ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú.

Mo mú ìtàn yìí wá kí n má baà tan ẹnikẹ́ni jẹ. Oko ẹ̀yìnkùlé kì í rọ́pò oko ńlá. Kò sí ebè mẹ́rin tó lè bọ́ ìdílé láti January dé December. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dá ebi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ọwọ́ tó tẹ oúnjẹ mìíràn. Ó ń jẹ́ kí ọbẹ̀ wà nígbà tí owó ọbẹ̀ kò sí. Ẹni tí ebi ti pa rí kò ní fojú kéré èyí.

WOLÉ-WOLÉ ÀTI GÀRÍ ÈKÓ

Nígbà tí ìjọba òyìnbó fìdí múlẹ̀, ojú mìíràn ni wọ́n fi wo ẹ̀yìnkùlé. Ní 1897 ni Ronald Ross, dókítà òyìnbó kan ní Íńdíà, rí i pé ẹ̀fọn ló ń gbé kòkòrò ibà kiri. William MacGregor, tó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, dókítà ni òun náà, ó sì dojú ìjà kọ ẹ̀fọn gidigidi. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó. Ní 1928, ìjọba dá àjọ tí yóò tún ìlú Èkó ṣe sílẹ̀, LEDB, àwọn ni wọ́n ń wó ilé ahẹrẹpẹ tí wọ́n sì ń la òpópónà.

Láàárín gbogbo èyí ni wolé-wolé ń kiri. Gbogbo wa la mọ̀ wọ́n: aṣọ kákí, fìlà, ìwé lọ́wọ́. Wọ́n á yẹ inú àmù wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀, wọ́n á sì yọjú sí ẹ̀yìnkùlé bóyá igbó ti hù. Ìyá àgbà mi, tó gbé Èkó nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, máa ń fi ṣe àpárá fún wa pé bí ẹnì kan bá ti ké "wolé-wolé ń bọ̀!", ó di kí olúkúlùkù máa sáré da omi àmù nù, kí wọ́n sì máa bẹ́ ewé tó bá ti gùn. Ó ní lójú àwọn yẹn, ẹ̀fọ́ àti igbó, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ká má parọ́, wolé-wolé kò ṣe ibi. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ìmọ́tótó gbà là. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni èrò kan ti wọ̀ wá lára, pé ilé ọ̀làjú ni èyí tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ mọ́ fúló, tí kò sí ewé kankan níbẹ̀, àfi bóyá òdòdó. Èrò yẹn kò tíì fi wá sílẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì wá dé ní 1939. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìjọba sọ fún àwọn èèyàn wọn pé kí wọ́n tú koríko iwájú ilé, kí wọ́n fi gbin ànàmọ́ òyìnbó àti àlùbọ́sà. Kòtò tó yí ilé odi ọba tí wọ́n ń pè ní Tower of London ká pàápàá, wọ́n gbin ẹ̀fọ́ sí i. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní irú ọgbà bẹ́ẹ̀ tó bíi mílíọ̀nù 20 ní 1943. Òyìnbó tó ń fojú àgbẹ̀ wò wá ti mú ọkọ́!

Ní Èkó, ọ̀rọ̀ iye owó gàrí ló gbòde. Ní 1941 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí Captain A. P. Pullen ń darí. Wọ́n fi òté lé iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ ta oúnjẹ, wọ́n sì fẹ́ kó títà rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn ìyálọ́jà. Iye tí wọ́n dá kò tó owó tí èlò jẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀? Gàrí wọ ilé lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rà á á lọ rà á ní kọ̀rọ̀, ní owó gọbọi. Alímọ̀tù Pẹlẹ́wúrà, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, ẹni tí kò ka ìwé, kò gbà fún wọn. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ìjọba fà á títí ogun fi parí ní 1945 tí ètò náà sì wọlẹ̀. Ọdún 1945 yìí kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́, Michael Imoudu sì wà lára àwọn aṣáájú wọn, daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri nítorí pé owó oṣù kò ká oúnjẹ mọ́. Nígbà tí òfin àti ọjà bá ń jà báyìí, ẹni tó bá ní ẹ̀gẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ilé kò ní bèèrè ẹni tó borí kó tó jẹun alẹ́.

ỌDÚN TÍ A GBÓ OFN

Ọmọ ilé-ìwé ni mí ní Ìbàdàn ní 1976. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tó di olórí ìjọba lẹ́yìn ikú Murtala Mohammed, dá Operation Feed the Nation sílẹ̀. OFN ni gbogbo ayé ń pè é. Epo rọ̀bì ti fa owó wọlé, owó Udoji tí òṣìṣẹ́ gbà ní 1975 ti mú kí ìgboro dùn, ìrẹsì òkèèrè sì ti di oúnjẹ ojoojúmọ́. Ìjọba wá rí i pé oko ń ṣófo. Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn gbin nǹkan: ní ẹ̀yìnkùlé, ní etí títì, ní ọgbà ilé-ìwé, ní bárékè sójà. Wọ́n kó àwọn ọmọ yunifásítì lọ sí oko nígbà ìsinmi gígùn ọdún náà. Wọ́n dín owó ajílẹ̀ kù. Rédíò kò sinmi.

Ilé tí à ń gbé nígbà náà, ilé yàrá-kọjú-sí-yàrá ni, ìdílé mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ebè mẹ́ta tàbí mẹ́rin tirẹ̀. Ẹ má rò pé OFN ló pín in fún wa o. Ebè ọ̀hún ti wà kí n tó gbọ́nju. Òfin wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Ẹnìkan kì í já ẹ̀fọ́ ẹlòmíràn láìtọrọ. Gbúre ni ti gbogbo ilé, nítorí pé kò sẹ́ni tó gbìn ín. Ẹni tó bá ní ewúrẹ́ gbọ́dọ̀ so ó mọ́lẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá jẹ ilá onílá, olówó ewúrẹ́ ló ń ra ilá ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Omi tó bá ń ti ilé ìwẹ̀ jáde, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń lọ. Bí ẹnì kan bá bímọ, àwọn tó kù á bá a ro ebè tirẹ̀ títí á fi jáde. Àáró ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó pè é ní àáró.

Ohun tí OFN mú wọ ilé wa ni adìẹ òyìnbó. Ọkùnrin kan nínú ilé, akọ̀wé ìjọba, ra ọmọ adìẹ méjìlá, ó kan ilé fún wọn. Oúnjẹ wọn wọ́n ju ti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Àwọn kan kú. Àwọn tó ṣẹ́kù, a jẹ wọ́n nígbà Kérésì, ilé náà sì di ibi tí a ń kó igi ìdáná sí.

Ìjọba Ọbásanjọ́ gbé agbára sílẹ̀ ní October 1979, OFN sì bá a lọ. Ní 1980, Alhaji Shehu Shagari mú tirẹ̀ wá, Green Revolution. Láàárín ìgbà yẹn, oúnjẹ tí à ń kó wọlé láti òkèèrè ń pọ̀ sí i ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebè tó ní òun gbin igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òótọ́ tán, yóò wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. N kò ní kí a fi OFN ṣẹ̀sín. Ó kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú. Àmọ́ ìkéde ló pọ̀ níbẹ̀ ju ilẹ̀ lọ. Orúkọ rẹ̀ kú, ebè ìyá mi kò kú.

SÌMẸ́ǸTÌ

Ohun tó wá pa ebè ìyá mi, sìmẹ́ǹtì ni.

Ṣé ẹ rántí ọdún 1975? Ìjọba ológun ìgbà náà ti ra sìmẹ́ǹtì láti òkèèrè débi pé èbúté Èkó dí pinpin. Tọ́ọ̀nù bíi mílíọ̀nù 20 ni wọ́n ní kí wọ́n kó wá, ọkọ̀ òkun tó lé ní 400 ló sì tò sórí omi tí wọn kò ráyè já ẹrù. Ìlú tó fẹ́ràn sìmẹ́ǹtì tó bẹ́ẹ̀, ṣé á fi ilẹ̀ sílẹ̀ lásán? Èrò ń wọ ìgboro, owó ilé ń gòkè, onílé kọ̀ọ̀kan sì ń wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó ń rí yàrá mẹ́rin níbẹ̀. Bàbá onílé tiwa náà rí i. Lọ́jọ́ kan ó dé pẹ̀lú bíríkìlà méjì. Ó bẹ̀ wá dáadáa, ó ní ká kó ẹ̀fọ́ wa. N kò bá a bínú. Yàrá ń pa owó, gbúre kì í pa owó. Ìyá mi gé ọ̀pá ewúro mẹ́ta, ó fi wọ́n sínú agolo, ó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn.

Ohun tí a kò rò ni pé ilẹ̀ kì í hu ẹ̀fọ́ nìkan, ó tún ń mu omi. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya wọ Ìbàdàn. Òjò ọjọ́ náà pọ̀ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n kọ́ sí ojú ọ̀nà omi àti pàǹtírí tó dí odò ló jẹ́ kó rí bó ṣe rí. Ẹ̀mí tó bá a lọ pọ̀, dúkìá kò lóǹkà. Gbogbo ilẹ̀ tí a bá fi kọnkéré bò ń sọ omi rẹ̀ sí aládùúgbò lọ́rùn ni.

Nígbà tó di 1986, ìjọba Ìbrahim Babangida mú ètò SAP dé, náírà sì já wálẹ̀ bí ẹni jábọ́ lórí ọ̀pẹ. Ìgbà náà ni mo rí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ní àwọn ọgbà tí ìjọba kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ àgbà, níbi tí ẹ̀yìnkùlé ti fẹ̀ bíi pápá bọ́ọ̀lù, tí kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àfi koríko tí ọgbà-ọgbà ń gé, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti dé ojú fèrèsé. Àwọn ọ̀gá ń ro oko kí wọ́n tó lọ síṣẹ́. Kò sí rédíò tó rán wọn. Wọ́n ní ilẹ̀, ebi sì dé, ó tán.

OHUN TÍ ÀWỌN ARÁ KÚBÀ ṢE

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé òkè òkun díẹ̀, nítorí pé ìbátan wa wà níbẹ̀. Kúbà ni ilẹ̀ àwọn Lùkùmí, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ, tí wọ́n sì ń bọ òrìṣà wa níbẹ̀ títí dòní. Ìjọba Soviet ló ń fún Kúbà ní epo àti ajílẹ̀. Nígbà tí Soviet tú ká ní 1991, epo kò wá mọ́, ajílẹ̀ kò wá mọ́, ọkọ̀ tí yóò kó oúnjẹ láti oko wọ Havana, olú ìlú wọn, kò rí epo fi rìn. Ebi mú wọn.

Àwọn ará Havana bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbin nǹkan sí ẹ̀yìnkùlé àti sí ilẹ̀ òfìfo. Níbi tí ilẹ̀ kò bá ti dára, wọ́n á fi búlọ́ọ̀kù tàbí pákó yí ebè ká, wọ́n á kó ajílẹ̀ ààtàn kún un, wọ́n á gbin ẹ̀fọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí a fetí sí ni èyí: ìjọba wọn kò kàn pariwo lórí rédíò. Wọ́n fa ilẹ̀ òfìfo lé àwọn aráàlú lọ́wọ́ kí wọ́n máa ro ó láìsan kọ́bọ̀. Wọ́n gbà wọ́n láyè kí wọ́n ta èyí tó bá ṣẹ́kù. Ilẹ̀ kọ́kọ́ dé, kí ìkéde tó dé. Oko wọ̀nyẹn kò sọ Kúbà di ọlọ́rọ̀, àìtó oúnjẹ ṣì ń bá wọn fínra, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ tútù kò jìnnà sí ilé mọ́.

ÈWO NI TIWA?

Ní 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, náírà sì tún já. Ní oṣù keje ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di ti pàjáwìrì. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2024, oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní 40 nínú 100 wọ́n ju bó ṣe wà ní ọdún kan ṣáájú lọ. Wọ́n tún ń sọ fún wa pé kí olúkúlùkù dá ọgbà sẹ́yìn ilé. Ìmọ̀ràn rere ni. Mo kàn fẹ́ bèèrè: ẹ̀yìn ilé wo?

Ẹ yọjú wo àwọn ilé tuntun ìgboro. Géètì, kọnkéré, íńtálọ́ọ̀kì láti ìgànná dé ìgànná. Bí ìyẹ̀pẹ̀ bá hàn níbì kan, a máa ń tijú rẹ̀ bí ẹni aṣọ ya mọ́ lára. Síbẹ̀ ní Èkó yìí, ẹ wo abẹ́ àwọn wáyà iná ńlá àti etí àkùrọ̀, ẹ ó rí àwọn ènìyàn tí ń bu omi rin ẹ̀fọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀fọ́ yẹn ni à ń jẹ. Ilẹ̀ tí wọ́n ń ro kì í ṣe tiwọn, katakata sì lè dé lọ́la.

Ohun tí mo ń wí kò le. Ẹni tó bá ń kọ́lé, kó fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ tí kọnkéré kò bò, bó jẹ́ ìwọ̀n yàrá kan péré. Àjọ ayálégbé àti àjọ onílé tó bá ní ilẹ̀ òfìfo ní àdúgbò, kí wọ́n pín in ní ebè-ebè kí ó tó di ààtàn ọ̀rá. Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ kí a gbin nǹkan, kó fi ìwé sọ fún wa ibi tí a ó gbìn ín sí àti iye ọdún tí a ó fi wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ilẹ̀ rárá, àpò ìrẹsì àti korobá tó ti lu wà. Tẹ̀tẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún lọ tí yóò fi tó í fà tu, ewúro sì rèé, bí a bá ti ri ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀, gígé ni a ó máa gé e fún ọdún. Kìkì pé kí a má gbìn ín sí ibi tí mẹkáníìkì ti ń da ọ́ìlì sílẹ̀ tàbí tí wọ́n ti ń tú bátìrì ọkọ̀. Ilẹ̀ yẹn ti ṣàìsàn.

Láti ìgbà odi Ìjàyè dé ìgbà OFN, dé ìgbà SAP, dé òní, ìjọba ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ ètò sì ti yí padà. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni ìyá onílé ṣì wà, ó ń da eérú sí ìdí ata. Ebi yóò tún dé lọ́jọ́ kan, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ti máa ń ṣe. Bó bá dé, ìkéde yóò tẹ̀lé e. Ṣé ilẹ̀ yóò ṣẹ́kù tí a ó fi dá a lóhùn? Ìbéèrè tí mo fi sílẹ̀ fún onílé, fún ayálégbé àti fún bíríkìlà nìyẹn.